Wáyà Tí Mùínàt Fà Yọ

Kí Mùínàt tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilé Sàrátù ni Sàrátù ti kórìíra rẹ̀. Kò tíì rí i rí, kò mọ̀ bóyá ó pupa tàbí ó dúdú, ṣùgbọ́n ó kórìíra rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé Àlíù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Sàrátù bí, ló fẹ́ ẹ ní Abíjàn láì kọ́kọ́ fi í han ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Sàrátù ti bá Àlíù wá ìyàwó sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ta aṣọ. Ó ti ń pe ọmọbìnrin náà ní "ìyàwó mi" lójú gbogbo ọjà. Àfi bí Sàlàkọ́, awakọ̀ tó máa ń ná Ẹ̀jìgbò sí Abíjàn, ṣe dé lọ́jọ́ kan, tó ní òun bá wọn jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó Àlíù. Orí ìsọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ká Sàrátù mọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó náà pé ọdún méjì tí ìyàwó kò tíì fẹ́ra kù, Àlíù pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ó ní Mùínàt ń bọ̀ wálé, ó ní ọmọ Ola nítòsí Ẹ̀jìgbò níbí ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abíjàn ni wọ́n bí i sí, kò mọ ilé dáadáa. Ó ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun títí òun náà yóò fi dé.

"Ó dáa," ni Sàrátù wí. Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lákòókò tí à ń wí yìí, ìka ọwọ́ ni a lè fi ka ilé tó ní tẹlifóònù ní Ẹ̀jìgbò. Ti Sàrátù wà ní pálọ̀ nínú àpótí pákó kan tí káfíńtà kàn fún un. Àgádágodo wà lẹ́nu àpótí náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ìdí Sàrátù lábẹ́ ìró. Gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà ní Abíjàn ládùúgbò, pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń dúró de ìpè. Bí agogo bá dún, wọn á dákẹ́ lọ gbári. Sàrátù á rọra dìde, á tú kọ́kọ́rọ́, á ṣí àpótí, á gbé e sétí, á ní "Àlóò!", á béèrè àlàáfíà ẹni tó pè àti ti ilé rẹ̀ gbogbo, kó tó pe ẹni tó ni ìpè. Ẹni tí kò bá kí i dáadáa lánàá lè jókòó títí òòrùn á fi wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Iyì tó kù fún un nílé ayé, inú àpótí yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Mùínàt dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí ohùn tiwa ti ń lọ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ó kí ìyá ọkọ rẹ̀. Sàrátù dáhùn láì wo ojú rẹ̀. Páálí kan tí Mùínàt gbé mọ́ àyà ni ó ń wò.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Tẹlifóònù ni, Màmá. Ọmọ yín ló ní kí n gbé e wá fún yín. Kò ní wáyà nídìí."

"Kí ló ṣe tèmi?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, Màmá. Wọ́n kàn ní kí ẹ má máa dìde sáré mọ́ ni."

"Ta ló rí mi tí mò ń sáré?"

Obìnrin mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń dúró de ìpè, Ọmọpẹ́ sì wà lára wọn, ìyàwó Ògúnrìndé, tísà tó ti fẹ̀yìntì. Ọmọpẹ́ kì í dúró de ìpè kankan, nítorí ilé tiwọn náà ní tẹlifóònù. Ìròyìn ló máa ń wá gbọ́. Gbogbo wọn na ọrùn nígbà tí Mùínàt tú páálí náà. Ó gbé ohun dúdú pẹlẹbẹ kan jáde, ó gbé òmíràn tó gùn tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí bíi ti rédíò, ó gbé ọ̀kan jókòó lé èkejì.

"Bíi ọlọ ló rí, Màmá," ó wí. "Èyí tó jókòó sílẹ̀ yìí ni ìyá ọlọ. Òun ni wáyà tẹlifóònù àti wáyà iná máa ń wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ máa gbé sétí ni ọmọ ọlọ. Ẹ lè gbé e dé kíṣìnnì, ẹ lè gbé e dé ìdí kànga, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete."

Àwọn obìnrin náà ní "Háà!" Mùínàt fa wáyà tẹlifóònù àtijọ́ yọ lára ògiri, ó fi ti tuntun bọ̀ ọ́, ó ki wáyà iná bọ ojú iná. Iná pupa kékeré kan tàn. Sàrátù rí i pé gbogbo ojú ti kúrò lára òun. Ó na ọwọ́ láti gbé ọmọ ọlọ náà.

"Ẹ má tíì gbé e, Màmá!" Mùínàt di ọwọ́ rẹ̀ mú wẹ́rẹ́. "Ó gbọ́dọ̀ jẹ iná títí di ọ̀la kí á tó lò ó. Bí a bá kánjú sí i nígbà àkọ́kọ́, bátìrì rẹ̀ kò ní lágbára mọ́."

Ọwọ́ Sàrátù wà lókè, kò rí ibi bà lé. Àwọn obìnrin náà rí i. Ọmọpẹ́ wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Mùínàt jókòó sórí ẹní, ó ṣí ìwé pélébé tó bá tẹlifóònù náà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Faransé fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí á má fi ọwọ́ tútù mú un, kí á má sì gbé e sí ìdí sítóòfù. Ó ní bátìrì tirẹ̀ nìkan ni kí á fi sí i, wọ́n ní bí a bá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì dípò rẹ̀ tí a wá fi í jẹ iná, ó lè bú gbàmù.

"Wọ́n tún ní bí iná bá lọ, kò ní ṣiṣẹ́, Màmá. Nítorí náà kí á tọ́jú ti àtijọ́, torí pé òun kò nílò iná. Bí òjò tó ní àrá bá sì ṣú, kí á fa wáyà méjèèjì yọ. Ti àtijọ́ gan-an, kí á má gbé e sétí bí àrá bá ń sán, nítorí àrá lè gba orí wáyà wọlé."

"Wọ́n ní, wọ́n ní," ni Sàrátù wí. "Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó ṣe é ni, Màmá. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nítòsí lè máa gbọ́ ohun tí a ń sọ. Kí á má sọ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí rẹ̀."

Sàrátù gba ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó lè ka Kùránì rẹ̀ dé àyè kan, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èdè tó mọ ojú rẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá nǹkan kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ nípa àrá? Ta ló mọ̀ bóyá kì í ṣe Mùínàt fúnra rẹ̀ ló ń dá òfin sílẹ̀, tó ń fi àwọn òyìnbó bojú?

"Ṣé olófòófó ni mí?" ó béèrè.

"Rárá o, Màmá! Èmi kò wí bẹ́ẹ̀."

"O ní kí n má fọwọ́ kàn án, o ní kí n má sọ̀rọ̀ àṣírí, o ní bí òjò bá ṣú kí n panu mọ́. Nínú ilé ọkọ mi. Má dá mi lóhùn! Gbé ìwé rẹ kúrò níwájú mi."

Èyí tó tún dùn ún jù ni pé àwọn obìnrin tó ń wá gba ìpè fẹ́ràn tẹlifóònù tuntun náà. Bó bá ti dún, Mùínàt ló ń gbé e, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó ni ìpè. Onítọ̀hún á gbé e jáde sí ìta, á lọ bá ọmọ rẹ̀ sọ ohun tí kò lè sọ lójú Sàrátù. Bí wọ́n bá dá a padà, Mùínàt ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí rẹ," ni wọ́n ń wí fún un. Wọ́n á kàn kí Sàrátù bí ẹni ń kí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sàrátù mú ọmọ ọlọ náà, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí irin rẹ̀, ó sì tì í. Ó padà wá jókòó ní pálọ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà. Nígbà tó di ọ̀sán tí àwọn obìnrin dé, Mùínàt bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó wo abẹ́ àga, ó wo kíṣìnnì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọ tẹlifóònù?"

"Ṣé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ ni?"

Mùínàt dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan lára ìyá ọlọ tó jókòó lórí tábìlì. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti inú yàrá Sàrátù, fíín, fíín, fíín, bí òròmọdìẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n. Gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Ọmọpẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájà, àpótí yín ń ké o!"

Ẹ̀rín gba pálọ̀ kan. Mùínàt kò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń wò, ṣùgbọ́n Sàrátù kò rí ojú ẹlòmíràn bí kò ṣe ti Mùínàt. Ó dìde.

"Ọmọ wo lò ń wá kiri?" ó bi Mùínàt, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. "Ẹni tí kò bímọ rí, ọmọ wo ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ẹ̀rín dá bí ẹni pa iná. Ọmọpẹ́ gan-an gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ohùn inú àpótí náà ṣì ń ké. Mùínàt tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, ó dákẹ́.

"Mo gbọ́, Màmá," ó wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tú tẹlifóònù tuntun náà kúrò lára ògiri, ó ti dá a padà sínú páálí, ó ti gbé e wọ yàrá rẹ̀. Ó fi ti àtijọ́ sí àyè rẹ̀, ó bá Sàrátù nu eruku tó wà lórí tẹlifóònù náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìkíni nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ dáadáa, yóò kí i dáadáa, yóò dìde, ó tán. Sàrátù ì bá fẹ́ kó bú òun kí òun lè rí ohun fi bú u padà.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ṣú lẹ́yìn ìrun àsárì. Atẹ́gùn ń gbá páànù ilé kejì pẹ̀pẹ̀, ojú ọ̀run ti dúdú láti ọ̀nà ìlú Ara. Tẹlifóònù dún. Àlíù ni. Inú Sàrátù dùn, nítorí ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń to ẹjọ́ Mùínàt jọ sínú. Ó gbé e sétí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ń sọ ti ẹnu dídì Mùínàt nígbà tí Mùínàt fúnra rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ká lórí okùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Àrá wà nínú òjò yìí."

Sàrátù kọ ẹ̀yìn sí i. "Òun náà rèé, Àlíù. Ó ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀."

Mànàmáná kọ yẹ̀rì lójú fèrèsé. Àrá tẹ̀lé e, kò sì jìnnà.

"Màmá! Ẹ jẹ́ kí ó kọjá, wọn á tún pè! Ẹ bi ọmọ yín léèrè, ó mọ̀!"

"Ṣé o ń gbọ́ bó ṣe ń pariwo mọ́ mi?" Sàrátù ń sọ sínú tẹlifóònù. "Ìyàwó tí o rán sí mi nìyí. Bó ṣe ń…"

Mùínàt ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ògiri, ó di wáyà náà mú níbi tó ti wọlé, ó fà á yọ. Ohùn Àlíù dá létí Sàrátù.

Sàrátù wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo wáyà tó wà nílẹ̀. Ó dìde, ó gbé ọwọ́, ó gbá Mùínàt létí. Ìró rẹ̀ gba pálọ̀.

"O gé ọ̀rọ̀ ọmọ mi mọ́ mi létí? Ìwọ?"

Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí gbogbo yàrá funfun báláú. Ohun tó sán kò dà bí àrá, bí ẹni tó yin ìbọn sínú pálọ̀ ló dún. Àpótí kékeré tó wà lára ògiri, níbi tí wáyà ti wọlé láti orí òpó ìta, bú. Iná fò jáde lójú rẹ̀, ó fọ́n sórí ilẹ̀ títí dé ibi tí ìdí wáyà wà. Èéfín dúdú gun ògiri lọ sókè. Òórùn rọ́bà tó jóná kún inú ilé.

"Súbúhánáláì," ni Sàrátù wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé sétí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú mọ́ àyà.

Mùínàt dúró níbi tó wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, Màmá," ó wí.

Ó ṣa aṣọ ilẹ̀ jọ, ó wọ yàrá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó ní òun ń lọ sí ilé bàbá òun ní Ola. Ó gun ọ̀kadà, ó gbé páálí náà sórí itan. Sàrátù kò ní kó máa lọ, kò sì ní kó má lọ.

Kò pẹ́ tí Sàlàkọ́ fi wá kí i pé òun ń lọ sí Abíjàn, bóyá ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán.

"Sọ fún Àlíù," ni Sàrátù wí, "pé ìyàwó rẹ̀ fa wáyà tẹlifóònù yọ mọ́ mi létí níbi tí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé ó kó ẹrù rẹ̀, ó ti lọ."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó kàn fi àrá sílẹ̀ ni.

Ó fi kàlẹ́ńdà bo ibi tó jóná lára ògiri, ṣùgbọ́n èéfín náà ga ju kàlẹ́ńdà lọ. Bó bá ti ń kírun, ojú rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin kò wá mọ́, ilé Ọmọpẹ́ ni wọ́n ti ń gba ìpè báyìí. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù ní àwọn ń bọ̀, wọn kò tíì dé. Àwọn ìgbà kan wà tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé àrá náà kì bá tí ṣe òun ní nǹkan. Lẹ́yìn náà yóò tún wo ògiri.

Ọmọpẹ́ ló wá pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan. "Àlàájà, Àlíù wà lórí tẹlifóònù wa. Ó ní òun á tún pè láìpẹ́."

Sàrátù kò gba ìpè nílé ẹlòmíràn rí. Ó jókòó sétí àga ní pálọ̀ Ògúnrìndé bí àwọn obìnrin ṣe ń jókòó sí tirẹ̀, Ọmọpẹ́ ló sì gbé e fún un.

"Ìyá mi, Sàlàkọ́ ti jíṣẹ́," ni Àlíù wí. Ohùn rẹ̀ le. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á. Mo ti pinnu, kí Mùínàt dúró sí Ola. Mo máa ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé mo ti kọ̀ ọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín ìjọ́sí, ṣé kò tíì lọ́kọ?"

Gbogbo ohun tí Sàrátù ń tọrọ lórí ẹní ìrun ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ju kó ní "Kò tíì lọ́kọ" lọ. Ọmọpẹ́ ń to ife, kò sì sí ife kankan tó yẹ ní títò.

"Ìyá mi?"

"Àrá wà níbẹ̀," ni Sàrátù wí.

"Àrá kẹ̀?"

"Àrá ń sán nígbà tí ò ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀, mi ò gbé e sílẹ̀. Ìgbà tó fa wáyà yọ tán ni àrá wọlé, ó jó ara ògiri. Bí kò bá fà á, ìwọ ì bá ti wá sìnkú mi." Inú ń bí i bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n ń fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo sì ti gbá a létí kí n tó mọ̀."

Àlíù wá bi í léèrè.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún Sàlàkọ́?"

Sàrátù yí ojú kúrò lọ́dọ̀ Ọmọpẹ́.

"Ẹ lọ sí Ola," ni Àlíù wí. "Ẹ̀yin fúnra yín, ìyá mi. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni."

Ọmọ tó bí ló ń pàṣẹ fún un báyìí, Ọmọpẹ́ sì ń gbọ́. Ó gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀ láì dágbére fún un.

Ó bá Mùínàt ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ola, níbi tí òun àti ìyàwó bàbá rẹ̀ ti ń bó gbágùúdá. Mùínàt nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé àpótí ìjókòó fún un. Ìyàwó bàbá rẹ̀ dìde, ó fi wọ́n sílẹ̀.

"Ṣé ọmọ yín ló rán yín, Màmá?"

"Òun ni."

"Bí kò bá rán yín ńkọ́?"

Sàrátù ronú láti purọ́. Ojú ọmọbìnrin náà kò gbà á láyè. "Mi ò mọ̀," ó wí.

Mùínàt mi orí. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó gbágùúdá rẹ̀ lọ. "Ìgbátí yẹn ti kúrò lára mi kí òjò tó dá," ó wí. "Kì í ṣe òun ló lé mi jáde. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lójú àwọn obìnrin yẹn ni. Kò sí òru tí èmi náà kì í fi bi Ọlọ́run léèrè. Ẹ wá fi ṣe ẹ̀sín."

"Má bínú," ni Sàrátù wí. Kò ti ẹnu rẹ̀ jáde dáadáa, ó sì tún un sọ. "Mo ní má bínú, Mùínàt."

"Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní padà sí ilé yẹn."

"Ṣé kí n wá dọ̀bálẹ̀ ni?" Sàrátù fi ìbínú àtijọ́ bi í.

"Rárá o, Màmá. Kí ẹ máa lọ sílé ni, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Sàrátù gun ọ̀kadà padà sí Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú eruku lójú, kò sì lè sọ bóyá òun lọ bẹ̀bẹ̀ ni tàbí òun lọ jà.

Àlíù wálé nígbà Iléyá. Kò kọ ìyàwó rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sì fi tipátipá dá a padà sílé ìyá rẹ̀. Yàrá méjì ló gbà fún un lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn kó tó padà sí Abíjàn, ibẹ̀ ni Mùínàt sì ti ń rán aṣọ. Wọ́n tún wáyà ilé Sàrátù ṣe níkẹyìn. Nítorí tẹlifóònù kò sí lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀dọ̀ Sàrátù ni Mùínàt ti ń gba ìpè ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Yóò kúnlẹ̀, yóò kí ìyá ọkọ rẹ̀, yóò jókòó sí àga tó jìnnà jù. Sàrátù á bu oúnjẹ fún un. Mùínàt á ní òun dúpẹ́, òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Bó bá ti lọ tán, Sàrátù á gbé oúnjẹ náà wọlé, á máa ráhùn pé ọmọ náà gbéraga. Bó bá sì di Jímọ̀ mìíràn, á tún bù ú.